Ọmọ Tí Ó Ní Òun Kò Lọ, Tí Ó Sì Lọ

Ibi kíkà: Mátíù 21:28-31

 

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, arákùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi." Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí Ọlọ́run fún wọn níṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ó wá ṣàlàyé. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ni ó ní kí ó kọ́ ọ. Owó oṣù ń wọlé, òun ni ó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta àti ti àbúrò rẹ̀ méjì, òun náà ni ó fi ń ra oògùn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti ń mọ́ bọ̀, ó ní ńṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé òun láyà. "Bàbá, mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Àbí mo ti ṣìnà ìpè mi ni?"

N kò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbàdúrà fún un, mo sì ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí mo dé orí ibùsùn ni mo rántí ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi ọdún mọ́kànlá jẹun nídìí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù náà kò wù ú láti ìbẹ̀rẹ̀. Curtis Martin ni orúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí bọ́ọ̀lù náà ti rí, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú. Kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń fi gbé tiwọn, kò sì rí rogodo. Ó gùn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó bí èso kòkó. Ẹni mọ́kànlá ń bẹ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé akoto, wọ́n di tìmùtìmù mọ́ èjìká. Láàrin wọn ni a ti rí ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní running back. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gba bọ́ọ̀lù mọ́ra, kí ó sì gbé e sáré gba àárín àwọn ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, tí wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe gbé e ṣánlẹ̀. Bí ó bá sáré yáàdì mẹ́rin kí wọ́n tó wó o mọ́lẹ̀, ó ṣe dáadáa. Yáàdì tí mo wí yìí náà ni èyí tí àwọn ìyá aláṣọ wa fi ń wọn áńkárá. Á dìde, á gbọn ara nù, á tún lọ gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà tí ara fi ń kọ̀.

Ìlú Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n ti bí Curtis Martin ní ọdún 1973. Bàbá rẹ̀ ń mutí, ó ń lo oògùn olóró, ara ìyàwó rẹ̀ ni ó sì ń fi ìbínú rẹ̀ hàn sí. Curtis fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ tí òun ń wo bàbá òun bí ó ti ń dá ìyá òun lóró: ó ti iná bọ irun orí rẹ̀, ó fi sìgá jó o lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó yá, bàbá bá tirẹ̀ lọ. Ìyá dá kù pẹ̀lú ọmọ, ó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kí ẹnu lè máa jẹ. Ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n tún pa ìyá àgbà, ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀. Wọ́n bá òkú rẹ̀, ọ̀bẹ ṣì wà ní àyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ rí, ẹ mọ ohun tí irú nǹkan báyìí máa ń ṣe nínú ilé. Ìyá náà di ẹni tí ọkàn rẹ̀ korò.

Àdúgbò wọn le pẹ̀lú. Curtis sọ pé ẹnì kan ti na ìbọn sí òun lórí rí, ó fà á lẹ́ẹ̀méje, ọta kò jáde. Nígbà tí onítọ̀hún wá yí ẹnu ìbọn náà sí ibòmíràn tí ó tún fà á, ó dún. Mo mọ ohun tí ẹ ń wí lọ́kàn yín. Ẹ ní ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn, èmi náà sì ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà kò tíì fi ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run nígbà náà. Ìfẹ́ Ọlọ́run ti ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá tí ó ti sin ìyá kò fẹ́ sin ọmọ. Ó ní kí Curtis wá nǹkan kan máa ṣe lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, ohun yòówù kó jẹ́, ṣáà ti kúrò nígboro. Bí ó ṣe dé orí pápá nìyẹn, ní ọdún tí ó lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama Allderdice. Ọdún kan péré ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Yunifásítì Pittsburgh sì gbà á. Ẹ̀bùn ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ojú rí i. Ìfẹ́ ni kò sí. Ibi ìsádi ni pápá náà jẹ́ fún un, bí ẹni tí òjò lé wọ abẹ́ àtíbàbà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ó di ẹni ogún ọdún, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé òun kò ní rí ọdún kọkànlélógún. Ó wọ ilé ìjọsìn lọ, ó sì bá Ọlọ́run dá àdéhùn: bí Ó bá jẹ́ kí òun kọjá ọdún náà, òun yóò sa ipá òun láti gbé ìgbé ayé tí Ó fẹ́. Àwọn tí a jọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn lè sọ pé a kì í bá Ọlọ́run nájà. Jákọ́bù ná an ní Bẹ́tẹ́lì, Ọlọ́run kò sì lé e.

Ní ọdún 1994, nínú ìdíje àkọ́kọ́ sáà náà, ó sáré 251 yáàdì lòdì sí Yunifásítì Texas. Kété lẹ́yìn èyí ni ó fi ẹsẹ̀ pa, sáà náà sì parí fún un. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 1995, tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá máa ń ṣa àwọn ọmọ yunifásítì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ẹni 73 ni wọ́n ti mú kí ó tó kan Curtis. Bill Parcells, ẹni tí ó jẹ́ kóòṣì New England Patriots nígbà náà, ni ó pè é lórí tẹlifóònù. Ilé dàrú fún ayọ̀. Àwọn ẹbí ń fò, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ìyà parí! Ọmọ wa di olówó! Ọmọkùnrin náà yíjú sí wọn, ó ní òun kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbẹ̀ ná. Ká ní ilé yín ni, kí ni ẹ ó wí? Mo mọ ibi tí ẹlòmíràn ì bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ì bá ní ayé ti ń bá a jà, pé ẹ̀mí tí ó pa ìyá àgbà ni ó fẹ́ gba ògo lọ́wọ́ ọmọ, wọn ì bá sì kọ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje fún un kí bọ́ọ̀lù lè wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Pásítọ̀ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe ìpè rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ fún un. Ó ní, gbogbo ohun rere tí ìwọ ń sọ pé o fẹ́ ṣe fún ọmọ ẹnìkejì rẹ yìí, bóyá bọ́ọ̀lù ni ohun tí Ọlọ́run fi lé ọ lọ́wọ́ láti fi ṣe é.

N kò mọ olùṣọ́-àgùntàn náà rí, ṣùgbọ́n mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí. Kò purọ́ fún ọmọ náà pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́la. Ó kàn jẹ́ kí ó rí àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n dúró lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Ẹ wá ṣí ibi tí mo ní kí ẹ kà. Bàbá kan ní ọmọ méjì. Ó rán àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ lọ sí ọgbà àjàrà, ọmọ náà ní òun kò ní lọ. Nígbà tí ó yá, ó rò ó, ó sì lọ. Èkejì ní òun yóò lọ, kò débẹ̀. Olúwa bi àwọn olórí àlùfáà léèrè èwo nínú wọn ni ó ṣe ìfẹ́ bàbá. A ti wàásù lórí ibẹ̀ títí, a sì máa ń yára bọ́ sórí ìrònúpìwàdà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ohun kan tí kò sí nínú ìtàn náà. Olúwa kò sọ fún wa pé inú ọmọ àkọ́kọ́ dùn nígbà tí ó dé ọgbà. Kò sọ pé ó kọrin bí ó ti ń gé ẹ̀ka. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn máa ro ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó lọ, ọgbà sì rí ìtọ́jú, bàbá sì rí i.

Curtis Martin lọ. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú rẹ̀ fún Patriots, ó sáré ju 100 yáàdì lọ. Kí sáà 1995 yẹn tó parí, ó ti pé 1,487, wọ́n sì fún un ní oyè ọ̀dọ́mọdé tí ó dára jù lọ láàrin àwọn tí ń gbógun. Ní oṣù kìíní ọdún 1997, ó bá wọn dé àṣekágbá, Super Bowl, Green Bay sì borí wọn. Ní 1998 ó tẹ̀lé Parcells lọ sí New York Jets, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi ṣíwọ́. Ọdún mẹ́wàá léraléra, láti 1995 títí di 2004, kò sí sáà kan tí kò pé 1,000 yáàdì. Nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo, Barry Sanders, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí rí kí ó tó dé.

Ọ̀rọ̀ sáà 2004 yẹn ni ó dùn mọ́ mi jù. Curtis ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Fún asáré-gbé-bọ́ọ̀lù, àgbà ni. Òun àti Shaun Alexander ti ẹgbẹ́ Seattle ni wọ́n ń du oyè ẹni tí ó sáré jù. Nígbà tí wọ́n parí ìdíje ọjọ́ ìkẹyìn, tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, Alexander ní 1,696. Curtis ní 1,697. Yáàdì kan! Ìwọ̀n aṣọ tí kò tó rán ìró. Kò tíì sí ẹni tí ó dàgbà tó o tí ó gba oyè náà rí. Ẹ wá rò ó wò, nínú sáà tí ó gùn tó oṣù mẹ́rin, èwo nínú àwọn ìgbà tí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ ni yáàdì kan yẹn wà? Bóyá ọjọ́ kan tí ó rẹ̀ ẹ́ ni, tí ì bá ti jẹ́ kí wọ́n wó òun, tí ó sì tún fi èjìká kan tì í síwájú. Kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí i.

Kí n sọ ti Alexander náà, nítorí onígbàgbọ́ ni òun pẹ̀lú, kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Ní ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, nígbà tí ó ku yáàdì kan kí ẹgbẹ́ rẹ̀ dé òpin pápá, wọn kò gbé bọ́ọ̀lù fún un. Inú bí i, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n gún òun lọ́bẹ lẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ó sáré 1,880 yáàdì, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ nínú líìgì náà. Ọlọ́run kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ara Curtis ni ó wá sọ pé ó tó. Ní 2005 orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ débi pé egungun ń ha egungun. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní 2006, ní 2007 ó kéde pé òun ti ṣíwọ́. Wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀: ó gbé bọ́ọ̀lù sáré nígbà 3,518, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14,101 yáàdì. Ẹni mẹ́ta péré ni ó jù ú lọ nígbà náà nínú ìtàn líìgì wọn. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Máìlì mẹ́jọ ni. Ẹni tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́ láti ilé lọ sí oko yóò rìn ín ní wákàtí mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ni ó gba Curtis Martin, nítorí kò sí yáàdì mẹ́rin kan níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń gbé e ṣánlẹ̀ ní ìparí rẹ̀.

Owó tí ó rí ńkọ́? Ó pọ̀. Ó ra ilé fún ìyá rẹ̀, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń ran àwọn ìyá tí ń dá tọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í ní ohun tí ó ṣe tí ó tóbi jù, kò pe owó, kò pe yáàdì. Ó ní bí òun ṣe ran ìyá òun lọ́wọ́ títí ó fi dárí ji bàbá òun ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Irun tí iná jó tún hù, ṣùgbọ́n ohun tí ó jó nínú obìnrin náà kò tètè hù padà. Ọmọ tí ó rí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ni ó wá fà á lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, yáàdì mẹ́rin mẹ́rin, títí obìnrin náà fi tú bàbá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn kí ọkùnrin náà tó kú.

Níbi yìí, mo ní láti sọ̀rọ̀ sí àwọn arábìnrin kan, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ń kà mí tí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru yìí kí a má baà rí apá wọn. Ìdáríjì tí mo wí kì í ṣe pé kí ẹ padà sínú ilé tí wọn yóò ti pa yín. Ìyá Curtis kò padà sábẹ́ ọkùnrin náà kí ó tó dárí jì í. Bí pásítọ̀ kan bá ti fi Éfésù orí karùn-ún dè yín mọ́ abẹ́ ẹni tí ń fi iná jó yín, ẹ dárí ji pásítọ̀ náà pẹ̀lú, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ yín jáde. Àwa àlùfáà ti dẹ́ṣẹ̀ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi alára ti rán obìnrin kan padà sílé ọkọ rí, ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè, pẹ̀lú àdúrà àti ẹsẹ̀ Bíbélì méjì. N kò lè gbàgbé bí ojú rẹ̀ ti rí nígbà tí mo tún rí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ní ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n gba Curtis Martin wọ gbọ̀ngàn ọlá tí wọ́n ń kó àwọn akọni agbábọ́ọ̀lù wọn sí. Parcells ni ó mú un wá síwájú èrò. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ti bàbá, ti ìyá, ti ìbọn, ti májẹ̀mú tí ó bá Ọlọ́run dá. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìjókòó, ó ń gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá kú, tí ọmọbìnrin òun bá dìde láti sọ irú ẹni tí òun jẹ́, kí ó jẹ́ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ni yóò tó rántí fi kún un pé, áà, bàbá mi tún gbá bọ́ọ̀lù dáadáa.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún arákùnrin tí ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá àdúrà yẹn dúró o." Mo rẹ́rìn-ín. N kò dá a dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, mo rí i níbùdókọ̀ kí aago mẹ́fà tó lù, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ.